Èmi, Ọ̀gá Bùrẹ̀mọ́ àti Àwọn Òkè Tí A Yà

Tí mo bá sọ fún àwọn ọ̀dọ́ pé òkè ni mo ń wò jẹun láti ìgbà ọmọge mi títí mo fi fẹ̀yìn tì, wọ́n á kọ́kọ́ wo ojú mi bóyá eré ni mò ń ṣe. Òkè, odò, àpáta, pápá, igi: mo ń rìnrìn àjò lọ bá wọn níbi tí wọ́n wà, mo ń jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú wọn, mo sì ń fi pẹ́ńsùlù yà wọ́n. Iṣẹ́ ìjọba ni. Inú ìwé jọ́gíráfì àwọn ilé ẹ̀kọ́ ni wọ́n ń kó púpọ̀ nínú àwòrán náà sí, wọ́n sì ń gbé àwọn yòókù kọ́ ara ògiri ọ́fíìsì. Ọkọ mi, tó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú ilé wa ní Tunga Low Cost bí mo ṣe ń kọ èyí, ní kí n má gbàgbé láti sọ pé òun ló ń wa ọkọ̀. Mo ti sọ ọ́ báyìí, kó jẹ́ kí n ráyè kọ̀wé.

Ọmọ ọmọ mi, Tèmítọ́pẹ́, ló fa ìwé yìí. Ó ti parí sẹ́kọ́ńdìrì, ọwọ́ rẹ̀ dára nínú àwòrán, àwọn òbí rẹ̀ sì ń fẹ́ kó lọ kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Ó wá bi mí lọ́jọ́ Sunday kan lẹ́yìn tí a ti ṣọ́ọ̀ṣì dé pé, "Màmá, iṣẹ́ tí ẹ ṣe yẹn, ṣé ẹ ò kábàámọ̀ rẹ̀?" Mo fẹ́ dáhùn, mo wá rí i pé ọ̀rọ̀ náà gùn ju ohun tí mo lè sọ kí ìrẹsì tó jiná lọ. Ó ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà náà, kí òun àti àwọn ọ̀rẹ́ òun lè kà á.

Sabon Gari ni wọ́n bí mi sí, nínú Minna níbí. Òṣìṣẹ́ rélùwéè ni bàbá mi, ará Ọ̀fà tí iṣẹ́ gbé wá tí kò sì padà mọ́. Èdè Hausa ni mo kọ́kọ́ fi ń bú ènìyàn kí n tó mọ èébú kankan ní Yorùbá, ìyá mi sì máa ń sọ pé òun ò mọ irú ọmọ tí òun bí. Lọ́dọọdún, tí Kérésìmesì bá ti ń sún mọ́lé, a máa ń wọkọ̀ ojú irin lọ sí Ọ̀fà. Ojú fèrèsé ni mo máa ń jókòó sí, tí ẹnikẹ́ni bá sì fẹ́ gba ibẹ̀ lọ́wọ́ mi, ìjà ni.

Lọ́dún tí mo parí ilé ìwé, bí ọkọ̀ ṣe gun orí afárá Jẹ́bà, mo rí àpáta ńlá tó dá dúró létí odò Ọya. Mo ti ń rí i láti kékeré, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn ó wù mí kí n mú un dání lọ. Bàbá mi ń sùn. Mo fa pẹ́ńsùlù rẹ̀ yọ nínú àpò ẹ̀wù rẹ̀, mo sì ya àpáta náà sẹ́yìn kàlẹ́ńdà tí a ń gbé lọ fún bàbá àgbà. Ọkọ̀ ń mì, ọwọ́ mi náà ń mì, nígbà tí mo máa fi parí rẹ̀, àpáta Jẹ́bà ti dà bí àkàrà tó fọ́ sínú epo.

Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó dé fìlà funfun jókòó ní ìdojúkọ wa. Ó na ọwọ́, ó ní, "Gbé e wá." Ó wò ó títí.

"Kò dára," ó wí. "Ṣùgbọ́n o wo nǹkan náà. Àwọn yòókù tó wà nínú kọ́ọ̀ṣì yìí, ẹ̀pà ni wọ́n ń wò."

Báyìí ni mo ṣe pàdé Ọ̀gá Bùrẹ̀mọ́, ọmọ Ìlọrin tó ń gbé Chanchaga, olórí àwọn ayàwòrán ní ọ́fíìsì wa. Ó bá bàbá mi sọ̀rọ̀ kí ọkọ̀ tó dé Ìlọrin, nígbà tí ọdún tuntun sì dé, wọ́n gbà mí síṣẹ́. Ti owó oṣù, ó tó jẹ, kò tó fi ṣe fáàrí, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ìyá mi kò gbà gbọ́ pé iṣẹ́ ni. Ó ní, "Àbẹ̀kẹ́, wọ́n máa sanwó fún ẹ torí pé ò ń wo òkè? Ìwọ tí mo ní kó o máa wo ọbẹ̀ lórí iná, tó o jẹ́ kó jóná."

Mo rò pé lọ́jọ́ tí mo bá dé ọ́fíìsì ni wọ́n máa kó ìwé àti pẹ́ńsùlù fún mi. Irọ́ ni. Etí odò Chanchaga ni Ọ̀gá mú mi lọ. Ó fi àpáta kan hàn mí, ó ní kí n jókòó kí n máa wò ó. Tó bá yá, á ní kí n kọ ẹ̀yìn sí i, kí n fi ẹnu sọ ohun tí mo rí. Níbo ni òòrùn ti ń bà á? Níbo ló ti dúdú jù? Ẹsẹ̀ rẹ̀ ńkọ́, ṣé inú omi ló wọ̀ ni àbí orí iyanrìn ló jókòó lé? Tí mo bá ṣì í sọ, á ní kí n yíjú padà kí n tún un wò láti ìbẹ̀rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é lójoojúmọ́. Àwọn obìnrin tó ń fọṣọ létí odò ṣàánú mi títí, wọ́n á ní, "Sannu, Mai Fensir," ìyẹn ni pé pẹ̀lẹ́, Oní-pẹ́ńsùlù, bẹ́ẹ̀ ni n kò tíì fọwọ́ kan pẹ́ńsùlù kankan níbẹ̀. Orúkọ náà lẹ̀ mọ́ mi. Àwọn ọmọ àdúgbò wa ò mọ òmíràn títí dòní, wọ́n rò pé orúkọ ìdílé mi ni.

Nígbà tó wá gbé pẹ́ńsùlù fún mi, gbígbẹ́ rẹ̀ ló kọ́kọ́ kọ́ mi. Bíléèdì la fi ń gbẹ́ ẹ, kì í ṣe ẹ̀rọ tí àwọn ọmọ ilé ìwé ń yí. A máa ń gbẹ́ ẹ kí inú dúdú rẹ̀ yọ gùn, kó sì tín-ín-rín lẹ́nu, kó lè fi ẹnu fa ìlà, kó sì lè fi ẹ̀gbẹ́ kun ibi tó ṣókùnkùn. Tí mo bá gbẹ́ ẹ tí kò wù ú, á ṣẹ́ ẹnu rẹ̀ mọ́ tábìlì, á sì dá a padà fún mi. Pẹ́ńsùlù tó le máa ń ya òkè tó jìnnà, èyí tó rọ̀ máa ń ya ohun tó wà nítòsí. Mo bá wọn sùn, mo bá wọn jí, ìka mi dúdú débi pé ìyá mi kì í jẹ́ kí n gún iyán.

Ọjọ́ tí Ọ̀gá rí kílínà nínú àpò mi, ó gbà á, ó sì jù ú sódò. Ó ní, "Ìlà tó bá ṣì, fi í sílẹ̀. Fa èyí tó tọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹni tó ń wò ó á mọ èyí tí òun máa mú." Mo sunkún nítorí kílínà yẹn. Aláwọ̀ búlúù ni, ó sì ń ta sánsán bíi súìtì.

Jímọ̀ ni dírẹ́bà wa. Ọmọ Ìlọrin lòun náà, ṣùgbọ́n Minna ni wọ́n bí i sí, Hausa sì pọ̀ lẹ́nu rẹ̀ ju Yorùbá lọ. Ohun tí kò yé e rárá ni ìdí tí àgbàlagbà fi máa jókòó síwájú òkè láti àárọ̀ di ọ̀sán.

"Haba, Àbẹ̀kẹ́," á wí, á yọrí láti ojú fèrèsé ọkọ̀. "Òkè yìí ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó bí bàbá wa. Tí a bá jẹun tán ká tó yà á, ṣé ó máa sá lọ ni?"

Ọ̀gá kì í gbójú sókè. "Òun kọ́ ló ń sá, Jímọ̀. Òòrùn ni. Dákẹ́."

Ṣùgbọ́n nígbà tó pẹ́ díẹ̀, mo ṣàkíyèsí pé Jímọ̀ ti ń páàkì ọkọ̀ síbi tí òòrùn ti máa bọ́ sí òkè dáadáa láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ fún un, á sì ti tẹ́ ẹní mi síbi òjìji. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti wà ńlẹ̀. Ìyá mi ní mo lọ fẹ́ dírẹ́bà, ó tún ní mo lọ fẹ́ mùsùlùmí, ṣùgbọ́n nígbà tó rí i pé ó máa ń bá òun gbé omi, ó gbàgbé méjèèjì. Jímọ̀ ọkọ mi ń lọ mọ́ṣáláṣí, mò ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, a sì ń pàdé nídìí oúnjẹ.

Ohun kan wà tí Ọ̀gá kì í fi ṣeré, ìyẹn ni kíkí. Tí a bá dé abúlé, a ò gbọ́dọ̀ yọ pẹ́ńsùlù títí a ó fi kí láti ilé dé ilé. Tí a bá sì ya àwòrán tán, a ò gbọ́dọ̀ kó o wọ báàgì. Ńṣe la máa yí ojú ìwé náà sí àwọn onílé, a ó sì bi wọ́n pé, "Kí ló kù níbẹ̀?" Ó ní àwa wò ó fún ọjọ́ kan péré, àwọn ló ń jí rí i. Ó tún mọ̀ pé tí àwọn èèyàn bá rí àjèjì tó ń wo ilẹ̀ wọn tó sì ń kọ nǹkan síwèé, ohun tó máa wá sí wọn lọ́kàn ni pé ìjọba fẹ́ gba ilẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá bi léèrè ohun tó kù máa ń rọjú. Bàbá kan lápá Kúta ní a ti gé èjìká òkè òun, pé ibẹ̀ gan-an lòjò ti ń wá. Ìyàwó kan ní kànga òun dà, ó sì mú mi lọ́wọ́ lọ síbẹ̀. Nígbà kan, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò bá ara wọn jà lórí igi kan tó ti wó tipẹ́, ọ̀kan ní ká yà á, èkejì ní ká má yà á, ìrẹsì Jímọ̀ sì tutù sínú abọ́. Inú máa ń bí mi nígbà náà, nítorí ọ̀nà jìn, mo sì fẹ́ délé. Ọ̀gá á kàn máa rẹ́rìn-ín, á máa fa ìlà tuntun sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó ṣì.

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ti irinṣẹ́ tó yí padà, kí n lè ráyè fún ohun tó wà lọ́kàn mi. Kámẹ́rà dé bá wa lẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n gba ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń fi í ya fọ́tò, tí iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan wa sì di ti wákàtí kan lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni kọ̀ǹpútà dé, fóònù dé, wọ́n tún wá mú ohun kan dé tó ń fò lójú ọ̀run bí eéṣú tó ń kùn, tó ń wo orí òkè tí ẹsẹ̀ mi ò dé rí. Mi ò ń bá wọn jà. Fóònù mi kún fún àwòrán òkè, mo sì máa ń fi dá Tèmítọ́pẹ́ láàmú lórí Wáásáàpù. Nígbà tí mo máa fi fẹ̀yìn tì, èmi nìkan ló kù ní ọ́fíìsì tó ṣì ń gbẹ́ pẹ́ńsùlù, àwọn ọmọ ibẹ̀ sì máa ń dúró wò mí bí ẹni ń wo ìyá àgbà tó ń rànwú. Ìfẹ́ ni wọ́n fi ń wò mí, inú mi sì ń dùn.

Èyí tó wà lọ́kàn mi ni ti ìgbà tí Ọ̀gá Bùrẹ̀mọ́ kọ iṣẹ́ sílẹ̀.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ni, mo wà nílé pẹ̀lú ìkókó, Ọ̀gá àti Jímọ̀ sì lọ sí ẹ̀yìn Páíkò láìsí mi. Ọyẹ́ ti mú. Wọ́n dé abúlé àwọn Gbagyi kan tó wà lẹ́sẹ̀ òkè, tí odò kékeré kan ń gba iwájú rẹ̀ kọjá. Odò náà ti gbẹ, iyanrìn funfun ló kù. Ọ̀gá ń kí láti ilé dé ilé, "Sannunku da gida," kò sí ẹni tó dáhùn. Gbogbo abúlé ti lọ bá àna ẹnì kan kórè ọkà bàbà ní oko ọ̀nà jíjìn, bí wọ́n ti máa ń ṣe. Ọ̀gá ya àwòrán náà, ó wá dúró dè wọ́n títí òòrùn fi ń lọ sílé. Nígbà tí kò rí ẹni tó máa yí i sí, ó ní kí Jímọ̀ máa wakọ̀ lọ, pé àwọn á padà wá. Ọkọ̀ dẹnu kọlẹ̀ lọ́sẹ̀ yẹn, iṣẹ́ mìíràn sì dé lẹ́yìn rẹ̀. Wọn ò padà lọ mọ́.

Àwòrán náà dára. Ó ya òkè, ó ya àwọn igi òrí, ó ya ipa odò tó gbẹ náà, ó sì ya pápá tó tẹ́jú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ohun tí kò mọ̀, tí ọmọdé kan ní abúlé náà ìbá sọ fún un, ni pé tí òjò bá dé, omi kì í dúró sínú ipa yẹn. Gbogbo pápá náà ló ń gbà. Àwọn kan láti ọ́fíìsì mìíràn ń wá ibi tí wọ́n máa kọ́ ilé ẹ̀kọ́ sí, wọ́n rí àwòrán yìí lára ògiri wa, wọ́n ní ilẹ̀ tó tẹ́jú tí kò jìnnà sọ́nà rèé. Wọ́n kọ́ ọ síbẹ̀. Àwọn ará abúlé rò pé ẹni tó kó sìmẹ́ńtì wá láti Minna á ti mọ ohun tó máa ṣe sí omi.

Nígbà tí òjò dé, omi wọ ilé ẹ̀kọ́ náà láàárọ̀ ọjọ́ kan tí àwọn ọmọ wà ní kíláàsì. Tíṣà wọn ní làákàyè, ó kó wọn gun àpáta kí omi tó mu wọ́n dé àyà, àwọn àgbà inú wọn pọn àwọn kékeré. Kò sí ọmọ tó bómi lọ. Ògiri wó, ìwé àti àga bá omi lọ.

Ìròyìn náà dé ọ́fíìsì, Ọ̀gá sì ní kí Jímọ̀ gbé wa lọ síbẹ̀. Ó dúró nínú ẹrẹ̀, ó ń wo ògiri tó wó. Ó wá lọ bá baálẹ̀, ó sì bá a sọ ọ́ ní Hausa pé, "Èmi ni mo ya ibí yìí síwèé. Mo wá nígbà ọyẹ́, mo kí, mi ò bá ẹnikẹ́ni." Baálẹ̀ náà gbé àpótí fún un kó jókòó, ó ní kí Ọlọ́run má jẹ́ ká rí irú rẹ̀ mọ́, pé àwọn ọmọ ṣáà wà láàyè. Wọ́n fún un ní omi mu. Ìyẹn gan-an ló dùn ún jù. Ká ní wọ́n bú u ni, bóyá ara ìbá tù ú.

Lọ́jọ́ kejì, ó kó àwọn pẹ́ńsùlù rẹ̀ sínú áńkáṣíìfù, ó gbé e sórí tábìlì mi.

"Máa lò wọ́n," ó wí.

"Ọ̀gá, níbo lẹ ń lọ?"

"Mò ń lọ sílé."

"Ẹ̀yin kọ́ lẹ kọ́lé síbẹ̀, sà."

"Èmi ni mo fojú wò ó fún wọn, Àbẹ̀kẹ́." Ó dé fìlà rẹ̀, ó sì jáde.

Ọkàn rẹ̀ bà jẹ́. Ọ́fíìsì kò dá a dúró, wọn ò bá a wí, wọ́n ní kó lo ìsinmi rẹ̀, àyè rẹ̀ wà fún un tó bá ti ṣe tán. Mò ń lọ kí i ní Chanchaga ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ọ̀. Fìlà rírán ló kù tó ń ṣe. Láti iwájú ilé rẹ̀, èèyàn lè rí odò àti àpáta tó fi kọ́ mi níṣẹ́, ṣùgbọ́n ó ti yí àga rẹ̀ padà, ògiri ló kọjú sí. A máa ń sọ ti ọmọ mi, a máa ń sọ ti ọ̀wọ́n gaàrí, tí mo bá sì dárúkọ òkè kan, á ní kí n bá òun kí Jímọ̀. Mo fẹ́ràn bàbá yìí. Bàbá mi ló bí mi, òun ló la ojú mi. Ẹ̀rù sì ń bà mí pé inú ìbànújẹ́ yẹn ló máa kú sí láìtún fọwọ́ kan pẹ́ńsùlù.

Ní ọ́fíìsì, wọ́n ní kí n máa jókòó sí àga rẹ̀ létí fèrèsé, nítorí èmi ló kàn. Etí àga náà ni mò ń jókòó sí, bí ẹni tó fẹ́ dìde.

Ọyẹ́ tún dé. Lọ́jọ́ kan, obìnrin àgbàlagbà kan wọlé tọ̀ mí wá pẹ̀lú igbá òrí tó fẹ́ lọ tà lọ́jà, ó gbé e lé èjìká bí àwọn Gbagyi ṣe máa ń gbé ẹrù. Ó ní Ladi lòun ń jẹ́, abúlé yẹn lòun ti wá. Ó ti bèèrè wa káàkiri Minna. Ó ní wọ́n ti kọ́ ilé ẹ̀kọ́ tuntun sórí ilẹ̀ gíga, ṣùgbọ́n àwọn kan tún ti wá ń wo pápá yẹn, wọ́n fẹ́ kọ́ ilé ìwòsàn sí i. Oníkámẹ́rà ti wá yà á. Ó wá nígbà tí ilẹ̀ gbẹ, fọ́tò rẹ̀ sì fi hàn pé ilẹ̀ gbẹ.

"Malam arúgbó yẹn dà," ó bi mí, "ẹni tó máa ń kí èèyàn?"

Mo ní kì í ṣiṣẹ́ mọ́. Mo sọ ìdí rẹ̀ fún un. Ó gbọ́ ọ tán, ó sọ igbá òrí rẹ̀ kalẹ̀, ó ní, "To. Mú mi lọ sọ́dọ̀ rẹ̀."

Táàsì la wọ̀ lọ sí Chanchaga. Ọ̀gá jókòó sí àyè rẹ̀, ó kọjú sí ògiri, fìlà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ladi dúró sí ẹnu ọ̀nà, ó kúnlẹ̀, ó sì ní, "Sannu da zuwa, Malam."

Ọ̀gá yíjú padà. Ó wò mí, ó wò ó. Ó rọra sọ ọ́ fún un ní Hausa pé, "Ìyá, ilé mi nìyí. Èmi ló yẹ kí n kí yín káàbọ̀."

"Mo mọ̀," Ladi dá a lóhùn. "Kì í ṣe ti òní ni mò ń kí. Lọ́jọ́ tí ẹ wá nígbà ọyẹ́, ìyá ọkọ mi wà nínú yàrá. Ojú rẹ̀ ti fọ́, kò lè dìde, ohùn rẹ̀ ò sì lè dé ìta. Ó gbọ́ bí ẹ ṣe ń kí láti ilé dé ilé. Nígbà tí a ti oko dé, ó ní àlejò kan ti kí gbogbo wa tán, kò rí ẹni dá a lóhùn. A ò mọ ẹni tó jẹ́ títí omi fi dé, tí ẹ wá sọ ọ́ fún baálẹ̀. Ìyá ọkọ mi ti kú báyìí. Ìkíni yẹn ṣì wà lọ́rùn wa. Òun ni mo wá dáhùn. Ẹ káàbọ̀ sí abúlé wa."

Fìlà bọ́ lọ́wọ́ Ọ̀gá. Ó fi ọwọ́ méjèèjì bojú, ó ń sunkún. Mo fẹ́ lọ bá a, Ladi fà mí ní ìró, ó ní kí n jẹ́ kó ṣe é tán. Ọ̀gá nu ojú tán. Ohun tó sọ ni pé, "Yauwa, sannu," bí wọ́n ṣe máa ń gba ìkíni náà. Ó wá bi mí bóyá Jímọ̀ ní epo lọ́kọ̀.

A lọ lọ́jọ́ tó tẹ̀lé e. Lọ́tẹ̀ yìí, kò sí ilé tó kí tí wọn ò dáhùn. Àwọn mìíràn tilẹ̀ jáde síta ṣáájú kó tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Ó jókòó sórí ẹní, mo na pẹ́ńsùlù rẹ̀ sí i. Ó fa ìlà òkè, ó tún fa òmíràn sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó wá gbójú sókè, ó ní, "Níbo ni omi máa ń dé?"

Gbogbo wọn sọ̀rọ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀kan ní ibí, òmíràn ní ọ̀hún. Ladi ò bá wọn jiyàn. Ó rìn gba pápá náà kọjá, ó dé ibì kan lábẹ́ igi òrí, ó dúró síbẹ̀, ó sì dojú kọ wá. Ọkọ rẹ̀ lọ dúró sí ibi tí òun mọ̀. Baálẹ̀ lọ sí tirẹ̀. Àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ sáré lọ síbi àpáta tí wọ́n gùn. Kò pẹ́, gbogbo abúlé ti tò yí pápá náà ká, ẹnì kọ̀ọ̀kan dúró síbi tí ó ti rí omi dé lójú ara rẹ̀. Ibì kan ṣófo láàárín wọn, wọ́n ní kí Jímọ̀ lọ dúró síbẹ̀, ó sì lọ pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Láti ọjọ́ tí mo ti mọ Ọ̀gá, kò ya ènìyàn sínú àwòrán òkè rí. Ó máa ń sọ pé ènìyàn kì í dúró, wọ́n á lọ jẹun. Lọ́jọ́ yẹn, ó yà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn náà dúró, àwọn ọmọ kékeré nìkan ló ń jókòó tó bá ti sú wọn. Nígbà tó yí ìwé náà sí wọn, ọkùnrin kan ní ó ti sún òun sínú omi jù, gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín, Ọ̀gá náà rẹ́rìn-ín, ó sì tún un yà sẹ́yìn díẹ̀. Nígbà tí àwọn tó fẹ́ kọ́ ilé ìwòsàn náà rí àwòrán yìí, wọ́n kọ́ ọ sí ilẹ̀ gíga lẹ́yìn ìlà àwọn ènìyàn yẹn. Jímọ̀ wà nínú àwòrán náà títí dòní, ó sì ń fi yangàn.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, mo tètè dé ọ́fíìsì, mo jókòó síbi tí wọ́n ní kí n máa jókòó sí, mo ń gbẹ́ pẹ́ńsùlù. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀gá wọlé, ó so fìlà rẹ̀ kọ́ ìṣó, ó wò mí láti òkè délẹ̀, ojú rẹ̀ le bíi ti ọjọ́ tó ju kílínà mi sódò.

"Àbẹ̀kẹ́," ó wí, "dìde lórí àga mi."

Mo dìde kíákíá. Inú mi ò dùn tó bẹ́ẹ̀ rí lẹ́nu iṣẹ́ yẹn.